Ìka Ń Sáré, Ojú Ń Tẹ̀lé E: Ohun Tí Mo Kọ́ Nídìí Ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà

Fún ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, mo gbà tọkàntọkàn pé mo mọ iṣẹ́ mi. Mo máa ń ya kọ̀ǹpútà sára pátákó, n óò fi ọfà tọ́ka sí kííbọ́ọ̀dù, máòsì àti ojú ẹ̀rọ, n óò sì ní kí wọ́n sọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Wọ́n á sọ fún mi pé bíìtì 8 ló wà nínú báìtì kan, wọ́n á tẹ lẹ́tà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣe àṣìṣe, wọ́n á sì yege nínú ìdánwò. Ẹni tó bá yẹ ìwé máàkì mi wò nígbà náà yóò ní iṣẹ́ ń lọ déédéé. Ohun tí kò sí nínú ìwé máàkì náà ni pé, láàárín ọdún mẹ́rin yẹn, n kò bi ọmọ kan ṣoṣo léèrè rí pé báwo ló ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni ohun tó kà lójú ẹ̀rọ.

Èrò kan ló fà á. Ní ọdún 2001, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Marc Prensky, kọ àròkọ kan nínú èyí tó ti pe àwọn ọmọ tí wọ́n bí sáàárín ẹ̀rọ ìgbàlódé ní ọmọ onílẹ̀, tó sì pe àwa àgbà ní àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú. Àwa olùkọ́ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà púpọ̀, nítorí ó sọ ẹrù kúrò lórí wa: bí ọmọ bá jẹ́ onílẹ̀, kí ni àjèjì fẹ́ kọ́ ọ nípa ìlú rẹ̀? Bí mo bá ti ń wo bí ìka wọn ṣe ń sáré lórí fóònù, nígbà tí èmi ṣì ń wá ibi tí mo fẹ́ tẹ̀, ọ̀rọ̀ náà a tún wá túbọ̀ jọ òótọ́ lójú mi. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ọmọdé bá láṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Aṣọ lèmi ń wò, n kò bèèrè àkísà.

Ọ̀rọ̀ fáìlì ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n fura. Mo ní kí wọ́n tẹ àròkọ olójú-ewé méjì, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí mi. Ọmọkùnrin kan tí mo mọ̀ pé ó lè tẹ nǹkan lórí fóònù láìwo ìka rẹ̀ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ tán, ó pa á dé, kò sì rí i mọ́. Mo bi í pé, "Níbo lo fi pamọ́ sí?" Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mo wí, ó ní, "Inú Word ni, mà." Mo ní irinṣẹ́ ìkọ̀wé ni Word, pé ohun tó sọ yẹn dà bí ìgbà tí ẹnìkan bá ní inú bírò lòun fi ìwé òun sí. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yẹ ẹ̀rọ àwọn tó ń rẹ́rìn-ín wò, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò mọ ibi tí tiwọn náà wà. Lórí fóònù, àwòrán a máa yọ níbi tí àwòrán ń wà, orin a máa yọ níbi tí orin ń wà, kò sì sí ohun tó ti mú ọmọ náà rò ó rí pé gbogbo nǹkan wọ̀nyí ló ní ibùgbé. Ní ọjọ́ kejì, mo kó páálí mẹ́ta wá, ńlá, àárín àti kékeré, mo kọ orúkọ sára wọn, mo ti ọ̀kan bọ inú èkejì, mo sì ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi bébà tirẹ̀ sínú èyí tó kéré jù, kó wá ka ọ̀nà tó gbà débẹ̀ sókè, bẹ̀rẹ̀ láti orí páálí ńlá. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni iṣẹ́ yẹn gbà wá, a kò sì tan ẹ̀rọ kankan. N kò tíì rí ọ̀nà tó dára jù ú lọ. (Orúkọ tí wọ́n ń sọ àwọn fáìlì wọn ni apá mi kò tíì ká títí di òní: "iṣẹ́", "iṣẹ́ tuntun", "iṣẹ́ tó kẹ́yìn", "iṣẹ́ tó kẹ́yìn gan-an".)

Ṣùgbọ́n fáìlì tó sọnù kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí mo rí nígbà tí mo gbé ojú-ewé kan síwájú wọn, èyí tó ti wà lórí ayélujára láti ọdún 1998. Ojú-ewé náà ń sọ̀rọ̀ nípa irú octopus kan, ẹran omi alápá mẹ́jọ nì, tó ní orí igi ló ń gbé nínú igbó kan ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, nítòsí Òkun Pàsífíìkì. Àwòrán wà níbẹ̀, orúkọ ní èdè Látìn wà níbẹ̀, wọ́n sì ń bẹ ẹni tó bá kà á pé kó ṣàánú ẹranko náà, kó má baà run. Kò sí irú ẹranko bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ lẹni tó ṣe é ń ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Donald Leu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Connecticut ti gbé e fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n mọ ìwé kà dáadáa, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló gbà á gbọ́. Nígbà tí mo kà nípa rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní àwọn tèmi kò lè kó sí i.

Mo fi pírójẹ́kítọ̀ gbé ojú-ewé náà sára ògiri, mo sì kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sí pátákó: kọ ohun mẹ́ta tí a lè ṣe láti dáàbò bo ẹranko yìí. Wọ́n dorí kọ bírò. Ẹnìkan kọ ọ́ pé kí ìjọba fòfin de igi gígé, ẹnìkan ní kí a kọ́ ilé fún un, ọmọ kan tilẹ̀ ya pátákó ìkìlọ̀ tí a lè gbé sí ẹnu ọ̀nà igbó, ó sì kùn ún ní àwọ̀ mẹ́ta. Mo ń rìn láàárín àga, inú mi ń dùn pé wọ́n ń ṣiṣẹ́, ọkàn mi sì ń dàrú lẹ́sẹ̀ kan náà. Ìgbà tí mo dé ẹ̀yìn kíláàsì ni mo rí ọmọbìnrin kan tí bébà rẹ̀ ṣófo. Ó fi bírò rẹ̀ gbọ̀n sórí tábìlì díẹ̀, ó ní, "Mà, ẹ dákun, báwo ló ṣe ń mí lórí igi?"

Mo bi í pé kí ló mú un bèèrè. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni olùkọ́ bàyọ́lọ́jì kọ́ àwọn pé inú omi ni ẹja ti ń rí afẹ́fẹ́ mí, nípasẹ̀ ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ (gills), àti pé bí octopus bá ń mí bí ẹja, kò lè pẹ́ lórí igi kó tó kú. Mo dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti kà nípa ẹ̀kọ́ yìí ló ń sọ nípa fífura, bí ẹni pé ìwà kan ni fífura jẹ́, tí èèyàn lè gbìn sínú ọmọ gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń kọ́ ọ láti kí èèyàn. Ọmọbìnrin yìí kì í ṣe afura ju àwọn yòókù lọ. Ohun tó mọ̀ ló jẹ́ kó rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti dà rú. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa bí ẹran omi ṣe ń mí, kí ni yóò fi fura?

Nígbà tí mo wá sọ fún wọn pé irọ́ ni, ariwo sọ. Ọ̀kan nínú wọn ní kò lè jẹ́ irọ́, àwọn ṣáà rí àwòrán rẹ̀. Ọmọkùnrin mìíràn tí kì í sábà sọ̀rọ̀ dìde, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ gbé e fún wa, mà." Kò sọ ọ́ tìbínú-tìbínú, ṣùgbọ́n ó dùn mí dé egungun, nítorí òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo gbé e sára ògiri, èmi ni mo bèèrè ìbéèrè tó gbà pé ẹranko náà wà, wọ́n sì ṣe ohun tí a ti kọ́ wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ ilé-ẹ̀kọ́: wọ́n gba olùkọ́ gbọ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Irọ́ tèyí ti lò ju ogún ọdún lọ lórí ayélujára, òótọ́ ti bá a tipẹ́, kò sì kúrò lójú ọ̀nà fún un.

Mo padà sílé lọ yẹ ìwé ìlànà tí mo ti ń lò wò. Ó ní kí ọmọ wò bóyá orúkọ ìkànnì parí sí .org, bóyá ọjọ́ wà lórí ojú-ewé, bóyá ọ̀nà wà láti kàn sí ẹni tó kọ ọ́, bóyá àṣìṣe ìkọ̀wé kún inú rẹ̀. Mo fi ìlànà yẹn wo octopus orí igi, ó sì yege nínú púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá lówó lọ́wọ́ ló lè gba orúkọ tó parí sí .org, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè irú èèyàn tó jẹ́. Ìwádìí tí Sam Wineburg àti Sarah McGrew ṣe ní Yunifásítì Stanford, èyí tí wọ́n gbé síta ní ọdún 2017, ló là mí lójú sí ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Wọ́n gbé ìkànnì kan náà síwájú onímọ̀ ìtàn 10, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 25, àti àwọn 10 tí iṣẹ́ wọn jẹ́ wíwádìí òótọ́ ọ̀rọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn. Àwọn onímọ̀ ìtàn àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti ojú-ewé náà, wọ́n ń kà á láti òkè délẹ̀, wọ́n ń wo ẹwà rẹ̀ àti àmì ìdánimọ̀ rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì ṣìnà. Àwọn oníwàádìí kò jókòó. Bí wọ́n bá ti wò ó fìrí, wọ́n á jáde, wọ́n á ṣí ojú-ewé mìíràn, wọ́n á lọ gbọ́ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń sọ nípa ẹni tó ni ìkànnì náà.

Ojú tì mí díẹ̀, torí ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni. Bí àlejò kan bá wọlé tó ní ọmọ ọba lòun, a kì í máa wo ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ kiri láti fi mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni. Ibi tó ní òun ti wá là ń ránṣẹ́ sí. Mo fa ìwé ìlànà náà ya, mo sì fi ọ̀rọ̀ méjì rọ́pò rẹ̀ lára pátákó: "Jáde ná." Ó wá di àṣà nínú kíláàsì. Bí mo bá gbé ojú-ewé tuntun fún wọn, wọ́n kò gbọdọ̀ ka ju ìlà mẹ́ta lọ kí wọ́n tó jáde lọ wá ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Ó ṣòro fún wọn ju bí mo ti rò lọ. Ọmọ tí a ti kọ́ láti ka ìwé tán kó tó sọ̀rọ̀ a máa rò pé ìwà ọ̀lẹ ni kí èèyàn kúrò lórí ìwé tí kò tíì kà.

Èyí náà ló yí ojú tí mo fi ń wo Wikipedia, ìwé ìmọ̀ gbogbogbòò orí ayélujára nì, padà. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001 ni ẹnikẹ́ni ti láǹfààní láti tún un kọ, èmi náà sì wà lára àwọn olùkọ́ tó ń fi ìbínú fa ìlà pupa sí i bí ọmọ bá dárúkọ rẹ̀. N kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ní kí wọ́n gba ibẹ̀ wọlé, kí wọ́n ka ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n kó àwọn ìwé tí ọ̀rọ̀ náà dá lé sí. Ẹnu ọ̀nà ni mo sọ ọ́ dà. Ẹni tó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ní òun ti wọlé, tirẹ̀ ló mọ̀.

Kí n má baà dà bí ẹni tó ń fi ọmọdé ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà ti ṣubú. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, àwòrán Póòpù Francis kan gba orí ayélujára, níbi tó ti wọ kóòtù funfun kan tó wú bí ìrọ̀rí. Mo rí i, mo rẹ́rìn-ín, mo fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́rin. Ọgbọ́n àtọwọ́dá (AI), ìyẹn ẹ̀rọ tó lè ya àwòrán fúnra rẹ̀, ló yà á. Póòpù kò wọ kóòtù kankan. Mo sọ ọ́ fún kíláàsì bó ṣe ṣẹlẹ̀, mo sì fi àwòrán náà hàn wọ́n, mo ní kí wọ́n wo ọwọ́ tó fi di ife mú, bí àwọn ìka ṣe yọ́ mọ́ra. Inú wọn dùn pé olùkọ́ kó sí páńpẹ́. Àṣìṣe kejì tí mo wá ṣe ni pé mo ní kí wọ́n máa wo ọwọ́ láti ọjọ́ náà lọ. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí fi kọ́ bí a ti ń ya ọwọ́, ìmọ̀ràn mi sì di èyí tó ń tan ọmọ jẹ, nítorí bí ìka bá ti pé márùn-ún wọ́n á ní òótọ́ ni. Ohun tí mo padà sí ni bíbi àwòrán léèrè ibi tó ti wá: ta ló kọ́kọ́ gbé e síta, ṣé ilé-iṣẹ́ ìròyìn kankan wà níbẹ̀, kí ni Google yóò mú jáde bí a bá fi àwòrán náà gan-an ṣe ìwádìí dípò ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ pásíwọ́ọ̀dù kò gba àkókò wa púpọ̀. Mo kọ́ wọn pé èyí tó gùn, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára tan, lágbára ju èyí tó kúrú tó kún fún àmì lọ, àti pé kí wọ́n má lo ẹyọ kan níbi méjì. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì gbàgbé, wọ́n ń bọ̀ wá bá mi ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ pé kí n bá wọn ṣí i.

Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tí n kò lọ wá. Mo pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún, mo ṣí ìwé kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lórí ayélujára tí gbogbo wọn lè kọ nǹkan sí lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ parí rẹ̀, ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ kẹta fẹ́ yí àwọ̀ àkọlé padà, ó yan gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé náà láìmọ̀, ó sì tẹ bọ́tìnnì tó ń pa nǹkan rẹ́. Ojú-ewé mẹ́fà di funfun lójú àwọn márààrún. Ọmọbìnrin kan nínú wọn fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ọmọ tó ṣe é sì gbé ọwọ́ kúrò lórí kííbọ́ọ̀dù bí ẹni tí iná jó. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀. Mo jókòó ti ẹ̀rọ náà, mo ṣí ibi tó ń pa gbogbo àtúnṣe mọ́, mo sì fi hàn wọ́n bí a ṣe lè padà sí ìwé náà bó ṣe wà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn. Iṣẹ́ wọn padà. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ibi ìpamọ́ yẹn sọ ju ohun tí a bi í lọ. Ó ń fi àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ hàn fún ẹni kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Lára ojú-ewé mẹ́fà, àwọ̀ kan ṣoṣo ló gba márùn-ún, ó sì jẹ́ ti ọmọ kan tí kò sọ̀rọ̀ rí nínú ẹgbẹ́ náà, tó ń kọ ọ́ ní aago mọ́kànlá òru. Ẹni tí mo ti rò pé òun ni aṣáájú, torí òun ló máa ń dáhùn bí mo bá bèèrè ibi tí iṣẹ́ dé, kọ àkọlé àti orúkọ tirẹ̀. N kò sọ nǹkan kan ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n mo lọ ṣí ti àwọn ẹgbẹ́ yòókù ní alẹ́, mo sì rí i pé irú rẹ̀ ló wà nínú mẹ́ta mìíràn. Ó wá yé mi pé fún ọ̀pọ̀ ọdún tí mo ti ń fún ẹgbẹ́ ní máàkì kan náà, ọmọ kan ni mo ń fi òógùn rẹ̀ san ẹ̀san fún mẹ́rin. Láti ìgbà náà, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń sọ fún wọn pé a óò jọ wo ibi ìpamọ́ náà, a sì ń kọ ohun tí ẹni kọ̀ọ̀kan yóò ṣe sókè ìwé náà gan-an. Ó tún iṣẹ́ ṣe, kò tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Àwọn kan ti mọ bí wọ́n ṣe ń da ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kọ kí àwọ̀ tiwọn lè pọ̀.

Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan rò pé ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ fẹ́ kí ẹ̀rọ wà ní títàn láti àárọ̀ títí dalẹ́. Ẹ̀rọ tèmi ń pa ju bó ṣe ń tàn lọ báyìí, ìdí rẹ̀ sì ni pé kíkà lójú ẹ̀rọ jọ ìmọ̀ débi pé ọmọ gan-an kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Bó bá ti wo fídíò kan lẹ́ẹ̀mejì, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn, lójú ara rẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá méjì, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, ṣe àyẹ̀wò kan tí wọ́n gbé síta ní ọdún 2006: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ka àyọkà kan léraléra, àwọn mìíràn kà á níwọ̀nba, wọ́n wá pa á dé, wọ́n sì ń gbìyànjú léraléra láti rántí ohun tó wà níbẹ̀. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, àwọn tó kà á léraléra ló mọ̀ ọ́n jù. Ní ọ̀sẹ̀ kan sí i, nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù lórí wọn, nígbà tí àwọn tó pa ìwé dé rántí nǹkan bí ìdá 61. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé àwọn tó ń kà á ló gbà pé àwọn ni yóò rántí jù.

Nítorí náà, ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ nínú kíláàsì mi, bébà funfun ló ń gbà á. Ẹ̀rọ wà ní pípa, ìwé wà ní pípadé, kí oníkálukú kọ ohun tó rántí nínú ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. N kì í gba máàkì lé e lórí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń kùn, wọ́n ní ṣé kíláàsì kọ̀ǹpútà kọ́ nìyí. Ọmọ kan kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́, ó sì jókòó wo bébà náà títí ìṣẹ́jú márùn-ún fi pé, ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ṣí àpò tó rò pé owó wà nínú rẹ̀. Nígbà tó ṣe, òun ló ń bi mí bí mo bá gbàgbé: "Mà, a ò ní kọ èyí tí a rántí ni?"

Ìgbà tí ChatGPT, ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń dáhùn ìbéèrè tó sì ń kọ àròkọ fúnni, wá jáde ní ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá, ọdún 2022, mo rò pé ohun gbogbo tí mo ti kọ́ ti bàjẹ́. Láàárín oṣù mélòó kan, ọmọ kan fi àròkọ kan sílẹ̀ tó dán bíi dígí, pẹ̀lú ìwé márùn-ún tó ní òun kà. Mo lọ wá àwọn ìwé náà. Méjì nínú wọn kò sí láyé. Ìbínú ni mo kọ́kọ́ bí, mo sì ti ń wá ìjìyà tí mo máa fi jẹ ẹ́ kí n tó rántí ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin ìjọ́sí, "Ẹ̀yin lẹ gbé e fún wa." Ta ló ti ṣàlàyé fún ọmọ yìí bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, pé ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe jù kó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ló ń fò lé ara wọn, pé kì í lọ sí ilé ìkàwé kankan lọ wo ìwé kó tó dárúkọ rẹ̀? Èmi kò ṣe é.

Mo wá ṣètò ẹ̀kọ́ kan. Mo ní kí ẹ̀rọ náà kọ ìpínrọ̀ méjì. Ọ̀kan dá lórí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, èyí tí ìdajì kíláàsì mọ̀ ju bí mo ti mọ orúkọ ara mi lọ. Èkejì dá lórí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí po nínú ara èèyàn, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú bàyọ́lọ́jì. Mo tẹ̀ wọ́n sórí bébà ńlá méjì, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri, mo sì fún wọn ní bírò pupa pé kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ ohunkóhun tó bá ṣe wọ́n bí irọ́. Wọ́n dà bo bébà bọ́ọ̀lù. Wọ́n rí ọdún tó ṣì, wọ́n rí agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n fi sínú ẹgbẹ́ tí kò gbá fún rí, wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń fi èjìká ti ara wọn. Kò pẹ́ tí bébà náà fi pọ́n. Bébà ẹ̀jẹ̀ mọ́ tónítóní. Ọmọ méjì péré ló dúró níwájú rẹ̀, bírò wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ọmọbìnrin tó bèèrè nípa octopus ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ tirẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn ló yíjú sí mi, ó ní, "Mà, ṣé kò sí àṣìṣe nínú èyí ni, àbí àwa la ò mọ̀ ọ́n?"

Mo ní kó lọ mú ìwé bàyọ́lọ́jì rẹ̀ wá.